Ta Ló Ń Rán Ìyá Rẹ̀ Níṣẹ́?

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Keje 2025

Kí n kọ́kọ́ kọ àwọn tí Ọlọ́run fi kún wa lọ́dún yìí. Lukman, àkọ́bí mi, bí ọmọkùnrin. Orí ọmọ náà tóbi, ṣùgbọ́n ti bàbá rẹ̀ náà tóbi bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bí i, orí ọ̀hún ló sì fi ń jẹun ní báńkì lónìí. Khàdíjàt, ọmọ àbúrò mi, bí ìbejì ní Ìlemọ̀nà, obìnrin ni méjèèjì. Jàmíù, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, gbé ìyàwó láti Ẹ̀rìn-Ilé. Gbogbo wa la lọ láti Ọ̀fà, a jẹ, a mu, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì títí wọ́n fi palẹ̀ àwo mọ́. Àlùbáríkà ni.

Sherifat, ọmọbìnrin mi, kò bímọ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ó fi ìyá mi ránṣẹ́ sí mi láti Ìlọrin lónìí.

Ìyá mi náà ni Nàfísàt, ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyá mi gan-an ni wọ́n bí i, a sì fi Yétúndé kún orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ rí nínú ẹbí wa. Bí omi bá tán nílé Sherifat, Sódìq àbúrò rẹ̀ ni wọn yóò pè. Ta ló ń rán ìyá rẹ̀ níṣẹ́?

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ kú àbọ̀, Yèyé mi."

"Màmá, ẹ dìde o, àwọn èèyàn ń wò wá."

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ara rẹ̀ ń dán bí ìkòkò tuntun, ọrùn rẹ̀ kún. Mo yangàn.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni Sherifat pè. Ó ní dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, ṣúgà ti pọ̀ níbẹ̀. Kò tíì di àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Dókítà ní ìjókòó rẹ̀ pọ̀ jù. Wọn yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò bí súkù bá fẹ́ wọlé. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, oògùn ojoojúmọ́ ló kù.

"Màmá, ṣé ẹ ò gbàgbé ẹsẹ̀ Bàbá?"

Báwo ni n ó ṣe gbàgbé? Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni a fi sin ọkọ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Keje

Kùrukùru pọ̀ láàárọ̀, n kò rí ilé ìkejì. Tíṣà Dúrótìmí ti pa kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa dé fún ìsinmi. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì òun sùn, kí a máa kọ ohun tí ojú wa bá rí. Èmi ti kúrò ní lẹ́ẹ̀dì, bírò ni mo fi ń kọ èyí. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, ṣùgbọ́n èmi mọ ara mi.

Mo dín dùndún fún Nàfísàt. Ó jẹ ẹ́ lórí àga, fóònù lọ́wọ́ kejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹjọ

Iná kò sí láti ìjẹta. Fóònù Nàfísàt kú, ojú rẹ̀ sì rọ bí ewé tí oòrùn pa. Mo pe Gbádé ọlọ́kadà kí ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù.

Gbádé wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Màmá, ìsọ̀ tó wà níwájú mọ́sálásí yẹn náà ni? Bí èèyàn bá húkọ́ níbí, wọ́n á dá a lóhùn níbẹ̀."

"Ṣé owó lo fẹ́ gbà ni àbí o fẹ́ ṣe wáàsí?"

"Owó ni, Màmá." Ó gbé e lọ. Kí ó tó fi jíà kejì sí i, wọ́n ti dé.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

Òjò rọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, òjò pẹ̀lẹ́, irú èyí tó ń mú èèyàn ronú àwọn tó ti lọ. Èmi àti Nàfísàt jókòó sí pálọ̀, mo bi í pé kí ni wọ́n máa ń ṣe ní Ìlọrin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

"Màmá, mo máa ń jókòó nínú ọkọ̀ súkù. Tí a bá dé, a máa jókòó ní kíláàsì. Tí súkù bá parí, a máa jókòó ní lẹ́sìn. Mo máa wá jókòó sílé ṣe asáínmẹ́ǹtì."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ó ti rẹ̀ mí nìyẹn. Mo máa jókòó sinmi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ní tẹ́lẹ̀ òun máa ń ta tẹ́ńtẹ́ń pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ òun, òun sì mọ̀ ọ́n ta, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ kíláàsì àwọn àgbà, ọmọ tó bá ń fò sókè sódò ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sábẹ́ òrùlé ìsọ̀ kan, fóònù lójú gbogbo wọn. Àwọn kékeré ló ń sáré nínú òjò.

Wọ́n ní ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn, iṣẹ́ àgbà ni. Ta ló gbé e fún ọmọdé?

Àlàmísì, 7 Oṣù Kẹjọ

Àáró wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Oko ànàmọ́ Ìyá Jàmíù ni a ó kọ́kọ́ ṣe, a ó tẹ̀ lé e dé ti Mummy Bùnmi, aládùúgbò wa, tèmi ni ìkẹyìn. Àwọn ọkùnrin ti kọ ebè sílẹ̀ fún gbogbo wa. Ìtàkùn ló kù kí a gbìn, kí a sì ro ìdí rẹ̀.

Orúnkún mi ọ̀tún sì wú láàárọ̀ yìí bí ẹ̀kọ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. N kò lè tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 8 Oṣù Kẹjọ

Mo fi owó ránṣẹ́ sí Ìyá Jàmíù kí ó fi gba lébìrà dípò mi. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi wọlé, ó ka owó náà sílẹ̀ níwájú mi.

"Ìyá Lukman, ọjọ́ wo ni àáró di ọjà? Ara la fi ń ṣe é, ara la fi ń san án. Bí mo bá gba owó rẹ, ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ lóko rẹ? Owó yẹn ni yóò bẹ̀rẹ̀?"

"Orúnkún mi nìyí, wò ó."

"Mo rí i, Ọlọ́run á fọwọ́ tọ́ ọ. Ta ló wà nílé rẹ?"

Mo ní kò sí ẹnìkan, àfi ìyá mi.

Ó yíjú sí Nàfísàt lórí àga, ó wò ó títí. "Èyí tó ń tẹ fóònù yìí?"

"Òun náà ni. Yétúndé ni, o mọ̀."

Ìyá Jàmíù dàgbà jù mí lọ, òun àti ìyá mi jọ ṣe àáró nígbà tí òun wà ní ọmọge. Ó fa àga, kò jókòó. "Ìyá rẹ tí mo mọ̀, ìdúró ló ń jẹun lóko. A óò pè é kí ó wá sinmi, á ní ilẹ̀ ń gbóná òun nídìí. Ó máa ń rìn dé Ìjàgbò, á tún padà kí obẹ̀ ilé tó hó. Bí ó bá jẹ́ òun ló padà wá lóòótọ́, ṣé òun ló ní kí ẹ so òun mọ́ àga?"

Mo kó owó náà nílẹ̀, mo ń kà á bí ẹni pé ó dín. Èmi tí mo ní òwe fún gbogbo nǹkan.

Nàfísàt kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ kò tẹ fóònù mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Mo lá àlá. Ìyá mi dúró nínú kùrukùru lójú ọ̀nà Ìjàgbò, ọkọ́ léjìká, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo pè é, kò dáhùn. Ó dà bí ẹni tó ń dúró de ẹni tó pẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ

Mo ṣe é.

Mo jókòó lẹ́yìnkùlé lẹ́bàá àwọn ìtàkùn tí mo dì sábẹ́ igi kajú. Mo ti pe Bìsímílà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹnu mi kò sì là. Níkẹyìn mo ní, "Nàfísàt! Wá bá mi bu omi wọ́n ìtàkùn wọ̀nyí."

Ó jáde wá sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀.

"Èmi, Màmá?"

"Ìwọ."

Ó gbé korobá. Ó bu omi kún un jù, ó dà á sí ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó tún padà lọ bù ú. Nígbà tó wọ́n ọn tán, ó dúró níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ tútù náà. Mo ní kí ó má bínú, mo ṣàlàyé àáró fún un, mo ní orúnkún mi kò gbà, ṣé yóò lè lọ dípò mi lọ́la?

Ó gbé korobá sílẹ̀. "Màmá, Sódìq ni wọ́n máa ń rán. Àti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Wọn kì í rán mi. Mo rò pé gbogbo yín rò pé mi ò lè ṣe nǹkan kan ni."

Háà! Ohun tí a gbé fún un bí adé, ó rù ú bí ẹrù.

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Ó ní, "Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Kò ṣáà sí ẹni tó rán mi."

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹjọ

Ó lọ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, pẹ̀lú ọkọ́ kékeré mi àti fìlà òjò ọkọ mi. Gbádé sáré fi okadà rẹ̀ tẹ̀ lé e dé òpin àdúgbò, ó ń ké pé, "Àǹtí, ẹ gùn ún, ọ̀fẹ́ ni!" Ó ní kò dá òun lóhùn.

Ó wọlé nígbà tí oòrùn ń rọ̀. Ẹrẹ̀ dé eyín. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti léròrò, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan án. Ó sùn sórí ẹní kí ìrun Mọ̀gàríbà tó pé. Fóònù rẹ̀ ń pariwo lórí àga, kò sí ẹni tó gbé e.

Mo jókòó tì í. N kò mọ̀ bóyá ohun rere ni mo ṣe tàbí ìkà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹjọ

Ó ní òun kò lọ mọ́ láéláé. Mo fi òrí pa á lọ́wọ́.

Àlàmísì, 14 Oṣù Kẹjọ

Mummy Bùnmi, ìyàwó tíṣà ọmọ ìjọ Áńgílíkà tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, ni oko kàn lónìí. Ọmọ rẹ̀ Olúwabùnmi, ẹgbẹ́ Nàfísàt, ló wá kan ilẹ̀kùn ní kùtù.

"Ẹ káàárọ̀ Mà. Wọ́n ní kí n wá wò ó bóyá ìyá yín ṣì ń sùn."

Nàfísàt dìde lórí ẹní. "Ta ni ìyá wọn?"

"Ìwọ náà ni. Ìyá Jàmíù ní ìwọ ni ìyá àgbà pátápátá, pé ebè tí o gbìn lọ́jọ́ Ajé, ẹnu àti ìdí ìtàkùn dorí kodò. Àwọn ní láti tún un gbìn."

"Irọ́ ni!"

"Ó dáa, dúró sílé."

Kí n tó wá ọkọ́ jáde, àwọn méjèèjì ti wà lójú títì, wọ́n ń jiyàn, kùrukùru sì gbé wọn mì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ohùn wọn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà mo ń gbọ́ ohùn náà. Ó dà bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé tí mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi tó ń jìnnà lọ sóko.

Ọjọ́ Rú, 20 Oṣù Kẹjọ

Òjò dáwọ́ dúró. Owó kóńgò gàrí ti lé, ata kò ṣeé sún mọ́. Oko tèmi ló kàn, ṣùgbọ́n ta ló ń gbin ìtàkùn sínú eruku?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹjọ

Láti ọjọ́ tí òjò ti lọ, ní àràárọ̀ ni mo ń bá ilẹ̀ tútù lábẹ́ igi kajú. Mo rò pé ìrì ni. Lónìí mo jí síta kíá, mo bá Nàfísàt pẹ̀lú korobá. Kò sí ẹni tó rán an.

Lẹ́yìn náà, òun àti Bùnmi ń rìn lọ sí ẹ̀bá ojú irin, wọ́n ní àwọn ń lọ wo ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ kankan kò kọjá. Wọ́n padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n ní àwọn tún máa lọ wò ó lọ́la. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ta tẹ́ńtẹ́ń lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ ń mì tìtì. Nígbà tí mo yọjú, wọ́n dúró, wọ́n ń ṣe bí àgbà.

Gbádé wá fẹjọ́ sùn mí. "Màmá, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Oníbàárà mi pàtàkì ti di ẹlẹ́sẹ̀."

Mo ní kí ó lọ ra ọkọ́, kí ó wá bá wa ṣe àáró. Ó ní okadà òun yóò jowú.

Àlàmísì, 28 Oṣù Kẹjọ

Òjò! Láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Alihamudulilai.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Oko mi.

Mo ní kí Gbádé gbé mi lọ, kí ó sì rọra. Mo jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi igbá tí ìyá mi gbìn sí ìkángun oko, èmi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà èwe. Ilẹ̀ ń rú èéfín tútù lẹ́yìn òjò. Àwọn obìnrin tò sójú poro, wọ́n ń ki ìtàkùn bọ ebè, wọ́n ń fi gìgísẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ojú mi ń wúwo. N kò sùn, n kò sì jí.

Mo rí ìyá mi. Ó tẹ̀ lé poro bọ̀ láti inú èéfín náà, ọkọ́ léjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Lójú àlá ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ṣùgbọ́n báyìí iwájú ló kọ sí mi. Mo fẹ́ dìde kí n kúnlẹ̀, orúnkún kọ̀.

"Màmá, ẹ fún mi lómi."

Nàfísàt ni. Nàfísàt ọmọ Sherifat, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, imú rẹ̀ rí bí ti bàbá rẹ̀. Mo bu omi fún un. Ìdúró ló mu ún.

"Jókòó díẹ̀," ni mo wí.

Ó ní, "Bùnmi ti fẹ́ ya mí sílẹ̀," ó sì padà lọ.

Ìyá Jàmíù rí i láti ọ̀ọ́kán. Ó fi ẹnu ọkọ́ tọ́ka sí ọmọ náà, ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó mú Nàfísàt lọ sí igun oko, ó fi ẹsẹ̀ fa ìlà sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ṣe àáró gbọ́dọ̀ ní oko tí wọn yóò ti san án fún un. Gbogbo ebè tó wà lẹ́yìn ìlà náà, ti Nàfísàt ni. Bí ànàmọ́ bá gbó nínú Oṣù Kejìlá, a jẹ ẹ́ ní gbèsè iṣẹ́ ara, a ó wá bá a wà á.

"Gbogbo yín?" ni ọmọ náà bi í.

"Gbogbo wa. Bí o kò bá wá, a ó jókòó síbẹ̀ dè ọ́."

Ọjọ́ Jímọ̀, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ Mọ́lúdì. A lọ sí mọ́sálásí, òun ní iwájú, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ń dúró dè mí ní gbogbo ìyànà. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó kí wa pé ọmọ ọmọ mi ni. Alágbẹ̀dẹ ní ìyànà ní, "Kì í ṣe ìyá yín mọ́?" Mo ní ìyá mi ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ti fún mi ní ìyọ̀ǹda kí n máa rán an níṣẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Ó lọ láàárọ̀. Ó fẹ́ gbé ọkọ́ kékeré náà lọ sí Ìlọrin. Mo ní níbo ni yóò ti lò ó, lórí kọnkéré? Ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Àga pálọ̀ ṣófo. Èmi náà kò fẹ́ jókòó sí i.

Àlàmísì, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Lónìí ni wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mo di fóònù mọ́ àyà láti àárọ̀, mo kígbe mọ́ Gbádé láìnídìí, mo sun ẹ̀wà jóná. Mo ń rí ẹsẹ̀ ọkọ mi lójú mi, bí mo ṣe máa ń wẹ ojú egbò náà pẹ̀lú omi lílọ́wọ́wọ́.

Lẹ́yìn Àlàásárì, Sherifat pè. Ohùn rẹ̀ kò ṣe tààrà.

"Màmá, ó ti sọ̀ kalẹ̀."

"Púpọ̀?"

"Kì í ṣe púpọ̀. Kò tíì dé ibi tí wọ́n ń fẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà ní kò ní lo oògùn báyìí, kí ó máa ṣe ohun tó ń ṣe lọ, kí a tún wá ní ọdún tuntun. Ó bi í pé kí ló ṣe nígbà ìsinmi, Nàfísàt ní òun ṣe àáró. Dókítà ní irú eré ìdárayá wo nìyẹn?"

A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a jọ sunkún díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ó ní ọmọ náà kò fẹ́ wọ ọkọ̀ súkù mọ́ láàárọ̀, òun àti Sódìq ló ń rìn. Lánàá, omi tán nílé, Sherifat sì ṣí ẹnu láti pe Sódìq.

"Ta ni o wá pè?"

"Nàfísàt ni. Màmá, ẹnu mi wúwo."

Mo ní mo mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Ìtàkùn ti mú ní gbogbo oko, ti ẹ̀yìn ìlà ló ń tutù yọ̀yọ̀ jù. Òjò ń ṣú ní ìhà Ìjàgbò, afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn ilẹ̀ tuntun wá. Orúnkún mi ti fúyẹ́, mo rìn dé ibẹ̀ fúnra mi, mo sì rìn padà.

Ìwé yìí ti fẹ́ kún. Gbádé yóò ya fọ́tò ojú ìwé yìí ránṣẹ́ sí fóònù Sherifat kí ó kà á fún Nàfísàt, nítorí náà mo kọ ọ́ gàdàgbà: Nàfísàt Yétúndé, jọ̀wọ́... rárá, n kò bẹ̀ ọ́, mo rán ọ níṣẹ́ ni. Fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, bá mi ra ìwé tó nípọn, èyí tí ìlà rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ nítorí ojú mi. Tọ́jú owó tó bá kù, òun ni kí o fi wọkọ̀ wá nínú Oṣù Kejìlá, kí o wá wa ànàmọ́ rẹ, a ó wà lóko dè ọ́. Gbádé ló ń bá mi fi owó náà ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀ nísinsìnyí: ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà.